Orí Karùn-ún: Kí Là Ń Fi Ìyà Wá?

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, èrò ya lọ sí etíkun Bar Beach ní Èkó bí ẹni ń lọ síbi àríyá. Ohun tí wọ́n fẹ́ wò ni bí ṣọ́jà yóò ṣe yìnbọn pa Ishola Oyenusi, adigunjalè tí gbogbo Èkó mọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Dókítà láìjẹ́ pé ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Wọ́n so òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ mọ́ òpó létí òkun, ìbọn dún, èrò sì padà sílé.

Òfin tó gbé wọn dé ìdí òpó yẹn kò tíì pé ọdún kan àbọ̀. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970, ìbọn kún ìgboro, àwọn tó mọ̀ ọ́n yìn sì pọ̀ láàárín àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Kí ọdún náà tó parí ni ìjọba ológun Gowon gbé òfin Decree 47 jáde: ẹnikẹ́ni tó bá gbé ohun ìjà jalè, ikú ni. Wọ́n lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n níbi tí ojú kò tó o, bí wọ́n ti ń so àwọn apànìyàn kọ́ látẹ̀yìn wá. Ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú wọn wá sí gbangba, nítorí àwọn tó ń wòran gan-an ni ìbọn náà ń bá wí.

Ǹjẹ́ wọ́n gbọ́? Ní ọdún 1986, ọdún 15 lẹ́yìn Oyenusi, Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba oorun lójú gbogbo ìlú Bìní. Wọ́n ń ja báńkì lólè, wọ́n ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ olọ́kọ̀, wọ́n sì ń pa ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Ààrẹ Babangida bi ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá léèrè níṣojú àwọn oníròyìn pé Anini dà. Oṣù Kejìlá ni ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1987, òun náà dé ìdí òpó. Nígbà ìgbẹ́jọ́ ni aráyé wá gbọ́ pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà tó ń ta àwọn adigunjalè náà lólobó. Wọ́n dájọ́ ikú fún òun náà. Kí òǹkàwé fi ọ̀gá ọlọ́pàá yìí sọ́kàn, a óò padà wá bá a.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: nígbà tí adájọ́ bá ti rí i pé ènìyàn jẹ̀bi, tó wá gbé gègé láti kọ ìyà tí yóò jẹ, kí ló ń wá gan-an?

Ẹ̀wọ̀n kó tó di ilé

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ilé. Irin tí a so kọ́ra ni, irú èyí tí a fi ń de ajá mọ́ ìdí igi. Bí a bá ní wọ́n ju ẹnì kan sẹ́wọ̀n, ohun tí ẹnu wa ń sọ ni pé wọ́n dè é mọ́lẹ̀. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń de ènìyàn kó má baà sá lọ títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi yanjú. Ìdè náà kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́ ìdájọ́. Ìdájọ́ ni ìtanràn, tàbí kí olè dá ohun tó jí padà kó sì fi nǹkan lé e, tàbí kí a lé e kúrò nílùú, tàbí kí a tà á lẹ́rú. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀mí ènìyàn tàbí ìtẹ́ ọba, ikú ni. Ká sọ pé ẹnì kan dìde láàárín àwọn Ògbóni pé kí olè ewúrẹ́ lọ jókòó sínú yàrá fún ọdún mẹ́ta, kí ìlú sì máa bọ́ ọ, ẹ̀rín ni wọn ìbá fi rín olúwarẹ̀. Ta ni yóò máa ro oko rẹ̀? Ta ni yóò sì san ewúrẹ́?

Èmi kò sọ pé ayé àtijọ́ dára jù. Ayé tí wọ́n ti ń ta ènìyàn nítorí gbèsè ẹ̀ṣẹ̀, tí ẹ̀bi ẹnì kan sì lè kó bá gbogbo agbo ilé, kì í ṣe ayé tí n óò fẹ́ kí ọmọ mi gbé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ, tó dà bí ẹni pé ó ti wà láti ìgbà ìwásẹ̀, àlejò ni láàárín wa. Ọdún 1872 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sí Broad Street ní Èkó. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Awólọ́wọ̀ náà kọjá níbẹ̀. Lónìí wọ́n ti sọ ọ́ di Freedom Park, ibi tí wọ́n ti ń ṣeré tí wọ́n sì ń jẹ ẹja yíyan, pèpéle eré sì wà níbi tí wọ́n ti ń so ènìyàn kọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó pàápàá, kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ní Ìlú Ọba ní nǹkan bí ọdún 1800, ẹ̀ṣẹ̀ tó lé ní 200 ló wà tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, jíjí nǹkan lápò ènìyàn wà nínú wọn, àwọn jáwójáwó a sì máa rí ọjà tà láàárín èrò tó bá wá wo bí wọ́n ṣe ń so jáwójáwó mìíràn kọ́. Ní ọdún 1829, wọ́n ṣí ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá kan ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Àwọn onígbàgbọ́ Kúékà wà lára àwọn tó ronú rẹ̀, èrò wọn sì dára: fi ẹlẹ́ṣẹ̀ sínú yàrá òun nìkan, fún un ní Bíbélì, má ṣe jẹ́ kó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ yóò bá a wí, yóò sì ronú pìwà dà. Charles Dickens, òǹkọ̀wé ará England, lọ síbẹ̀ ní ọdún 1842. Ó jáde pẹ̀lú ìrora ọkàn, ó ní ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń ṣe sí ọpọlọ àwọn ènìyàn burú ju kí wọ́n máa lù wọ́n lọ. Orí àwọn mìíràn ti dàrú kí wọ́n tó rí ìrònúpìwàdà.

Ohun méje nínú àwo kan

Ní Nàìjíríà, òfin kò fi ìbéèrè wa sílẹ̀ láìdáhùn. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 ka ohun méje sílẹ̀ ní abala 401 tí adájọ́ gbọ́dọ̀ rò kó tó dá ìyà fúnni. Kí ọ̀daràn fúnra rẹ̀ má tún dán an wò mọ́. Kí a yà á kúrò láàárín ìlú kó má rí ẹni ṣe níbi. Kí a kọ́ ọ kó di ọmọlúàbí. Kí ẹ̀rù ba ẹlòmíràn. Kí aráàlú mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwà tó dára àti èyí tí kò dára. Kó jẹ ìyà tó tọ́ sí i, kí ẹ̀san sì ké fún ẹni tó ṣẹ̀. Kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tàbí ẹbí rẹ̀ rí nǹkan gbà padà.

Ó dùn ún kà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn méjèèje kì í gbé ilé kan náà láìjà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kékeré kan. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 19 já fóònù gbà lọ́wọ́ obìnrin aláta kan ní Ọ̀ṣọ́dì. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́wọ́. Ká sọ pé òfin gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún irú olè bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kí ẹ̀rù ba àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ afárá ni adájọ́ ń wá, yóò fún un ní ọdún mẹ́ta pérépéré. Bó bá jẹ́ àtúnṣe ló ń wá, yóò bi í léèrè pé iṣẹ́ wo lo mọ̀ ọ́n ṣe, yóò wá ọ̀gá fọganáísà tàbí bíríkìlà tí yóò gbà á, nítorí oṣù mẹ́fà láàárín àwọn àgbà olè lè sọ aláìmọ̀kan di ọ̀gá. Bó bá jẹ́ ẹ̀san ni, yóò wo iye tí fóònù náà tó, yóò sì wọn ìyà náà kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé ìyá aláta ló wà lọ́kàn rẹ̀, owó fóònù ni kó gbà fún un, pẹ̀lú nǹkan díẹ̀ lé e, torí nọ́ńbà gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ ti bá fóònù lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lẹ́wọ̀n kò lè ṣiṣẹ́, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò sì lè san gbèsè. Ọdún mẹ́ta tó yẹ kó dẹ́rù ba àwọn ọmọ abẹ́ afárá ni yóò jẹ́ kí ìyá aláta lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Adájọ́ kan, ọmọ kan, fóònù kan, ìdájọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti jókòó sẹ́yìn ní kóòtù májísíréètì kan rí, níbi tí wọ́n ti parí ẹjọ́ ènìyàn mẹ́rin kí n tó mu omi inú ọ̀rá tí mo rà lẹ́nu ọ̀nà tán. Iye oṣù nìkan ni mo gbọ́, n kò gbọ́ ìdí. Adájọ́ kò sọ èyí tó ń wá nínú méje, agbẹjọ́rò kò sì bi í.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè

Nínú àwọn méje yìí, ìdẹ́rùbà ni aráàlú fẹ́ràn jù, òun náà sì ni àwọn onímọ̀ ti wádìí jù. Ẹni tó kọ́kọ́ là á yé aráyé ni Cesare Beccaria, ọmọ Milan ní Ítálì. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tó tẹ ìwé kékeré kan jáde ní ọdún 1764 lórí ẹ̀ṣẹ̀ àti ìjìyà, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé ìyà tó dájú, bó tilẹ̀ mọ níwọ̀n, ń kó ènìyàn níjàánu ju ìyà ńlá tí a lè yẹ̀ lọ. Àti pé kí ìyà tètè tẹ̀ lé ẹ̀ṣẹ̀, kí ọkàn lè so méjèèjì pọ̀.

Àwọn àgbà wa kò ka Beccaria, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìṣirò yìí. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. A máa ń pa á bí ẹni ń dẹ́rù ba olè. Ẹ tún un gbọ́, kí ẹ fi etí olè gbọ́ ọ. Ó ń sọ pé ọjọ́ tí ọwọ́ kò tẹ olè pọ̀ ju ọjọ́ tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ fíìfíì. Olè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá na ọwọ́ sí àpò ènìyàn, kì í ṣírò bóyá ọdún mẹ́ta ni tàbí ọdún méje. Ohun tó ń rò ni pé ta ló ń wò mí. Daniel Nagin, onímọ̀ ìwà ọ̀daràn ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìwádìí jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibi tó sì já sí ni pé bí ọwọ́ ṣe dájú tó láti tẹ ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́. Fífi ọdún kún ọdún ẹ̀wọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ fi ìbẹ̀rù kún ìbẹ̀rù.

Àpẹẹrẹ tó yani lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀ fún ìwádìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì tó gba Denmark kó àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè náà. Títí ogun fi parí, kò sí ọlọ́pàá gidi ní Copenhagen. Ìjìyà kò dín kù rárá. Ńṣe ni wọ́n tún ń fi kún ìyà ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Síbẹ̀ olè jíjà àti ìdigunjalè ru sókè bí àkàrà inú epo. Òfin wà, ìyà wà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mú olè kò sí.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú Bìní. Ìyà tó wà nílẹ̀ fún Anini kò lè wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: ikú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó mú un ló ń sọ fún un ibi tí àwọn tó ń wá a wà. Bí ẹrù ikú bá wúwo tó òkè Olúmọ, kí ẹni tí yóò gbé e kò ó lórí sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ ti di òfo.

Beccaria tún rí nǹkan mìíràn tó yẹ kí ìjọba Gowon ti rò. Bí ìyà bá le jù, ọ̀daràn yóò dá ẹ̀ṣẹ̀ kún ẹ̀ṣẹ̀ láti bọ́ lọ́wọ́ ẹyọ kan. Lábẹ́ òfin 1970, ẹni tó gbé ìbọn jalè láìyìn ín àti ẹni tó jalè tó sì pa onílé, òpó kan náà ni wọn yóò so wọ́n mọ́. Kí wá ni olè náà yóò fi dá ẹ̀mí ẹni tó rí i lójú sí?

Lórí ìdájọ́ ikú fúnra rẹ̀, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tú gbogbo ìwádìí tó wà nílẹ̀ yẹ̀ wò ní ọdún 2012, wọ́n ní kò sí èyí tó lè fi hàn bóyá ó ń dín ìpànìyàn kù tàbí kò dín in kù. Canada pa á rẹ́ ní ọdún 1976. Ìpànìyàn kò pọ̀ sí i lẹ́yìn náà, ńṣe ló ń lọ sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ó ṣì wà nínú ìwé òfin, ó lé ní 3,000 ènìyàn tó ń dúró de okùn, ṣùgbọ́n àwọn gómìnà kì í fẹ́ fọwọ́ sí i. Òfin tó ń pariwo ikú, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n, kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni àfi àwọn tó wà nínú yàrá ikú.

Mo tún mọ àwọn òbí tó máa ń bẹ ọlọ́pàá pé kí wọ́n ti ọmọ àwọn mọ́lé fún ọjọ́ méjì kó lè kọ́gbọ́n. Irú rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ní ẹ̀wọ̀n Rahway ní New Jersey, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ aláìgbọràn wá kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n lè fi igbe àti ìhàlẹ̀ já wọn láyà. Wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀ ní ọdún 1978, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá fi àwọn ọmọ tó lọ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ wé àwọn tí kò lọ, àwọn tó lọ ló tún dẹ́ṣẹ̀ jù.

Ká tì wọ́n mọ́lé

Ẹni tí ẹ̀rù kò bá bà, a lè tì í mọ́lé. Èyí kò nílò àròjinlẹ̀: olè tó wà lẹ́yìn ògiri kò lè jalè ní ọjà. California gbé e dé góńgó ní ọdún 1994 pẹ̀lú òfin kan tó sọ pé ẹni tó ti jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ tó bá dá ẹ̀kẹta, ẹ̀wọ̀n ọdún 25 títí dé ọjọ́ ikú ni. Ọkùnrin kan tó ti ń jalè tipẹ́ ki ọ̀pá gọ́ọ̀fù mẹ́ta bọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó ń tiro jáde ní ilé ìtajà. Iye ọ̀pá kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 399. Wọ́n fún un ní ọdún 25 títí dé ọjọ́ ikú. Ó gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2003, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní kó lọ ṣe é. Ní ọdún 2012, àwọn ará California fúnra wọn dìbò pé kí wọ́n dẹ òfin náà: àfi kí ẹ̀ṣẹ̀ kẹta jẹ́ èyí tó wúwo.

Ohun tí irú òfin yìí gbójú fò ni ọjọ́ orí. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ṣírò rẹ̀, bákan náà ni ìlà náà ń rí: ìwà ọ̀daràn ń gòkè láti ọmọ ọdún 14, ó ń dé ṣóńṣó ní nǹkan bí ọdún 18 sí 25, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ olè ló ń fẹ̀yìn tì láìsí ẹni tó lé wọn. Ara ń rọ̀, ìyàwó ń béèrè, ọmọ ń dàgbà. Bí a bá ti ọmọ ọdún 40 mọ́lé títí di ọdún 65, owó tí à ń ná lórí oúnjẹ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ń dáàbò bo wa lọ́wọ́ ẹni tí ì bá ti máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ta ayò.

Norway gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Halden tí wọ́n ṣí ní ọdún 2010, kò sí irin lójú fèrèsé, àwọn wọ́dà sì ń bá ẹlẹ́wọ̀n jẹun, wọ́n ń bá wọn ṣeré. Ní orílẹ̀-èdè náà, nǹkan bí 20 nínú 100 tó jáde ló ń padà sẹ́wọ̀n láàárín ọdún méjì, ó sì wà lára àwọn tó kéré jù láyé. Ọdún 21 ni ẹ̀wọ̀n tó gùn jù tí wọ́n fún Anders Breivik, ẹni tó pa ènìyàn 77 ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní oṣù Keje ọdún 2011. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé bó bá ṣì léwu nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé, wọ́n lè máa fi kún ọdún náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé ká gbé Halden wá sí Kìríkìrì lọ́la. Orílẹ̀-èdè kékeré tó lówó epo ni, tí ẹlẹ́wọ̀n tó jáde ń rí iṣẹ́ àti ilé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n sì kọ́ ilé náà bá a mu. Ní Nàìjíríà, a yí orúkọ àjọ tó ń bójú tó ẹ̀wọ̀n sí ti àtúnṣe ní ọdún 2019. Òfin tuntun náà dára, ó tilẹ̀ fàyè gba iṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ewúrẹ́ rẹ̀ ní Ẹṣin kò tíì rí nǹkan gùn.

Inú tó ń ru

Àwọn kan lè rò pé ẹ̀san jẹ́ ìwà ẹhànnà tó yẹ ká gbàgbé. N kò gbà. Ní ọdún 2002, Ernst Fehr àti Simon Gächter ní Switzerland tẹ ìwádìí kan jáde tó fara jọ àjọ tiwa. Wọ́n fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní owó 20. Ohun tí o bá fi sápò gbogbo ẹgbẹ́ yóò lé, wọn yóò sì pín in dọ́gba, fún ẹni tó dá àti ẹni tí kò dá. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀kánjúwà fi ń jẹ nínú owó tí wọn kò dá, tí àwọn tó kù sì ń fawọ́ sẹ́yìn. Nígbà náà ni wọ́n wá gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láyè pé ẹni tó bá fẹ́ lè fi owó 1 tirẹ̀ ṣòfò láti gba owó 3 lọ́wọ́ ọ̀kánjúwà. Wọn kò tún ní bá ara wọn pàdé mọ́ nínú eré náà, nítorí náà kò sí èrè kankan fún ẹni tó ń fìyà jẹni. Síbẹ̀ wọ́n ń sanwó náà. Owó tí wọ́n ń dá sì gòkè. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn ní Zurich fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ àwọn tó ń fìyà jẹ ẹni tó dalẹ̀ wọn: ibi tó máa ń ta kìjí nígbà tí ohun dídùn bá ń bọ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Inú tó ń ru yẹn ló ń mú aráàlú dá owó ọdẹ àdúgbò. Òun kan náà ló ń kó taya sí ọrùn ọmọ ènìyàn, tí pẹtiróòlù ń tẹ̀ lé e, nítorí ẹnì kan pariwo olè. Kóòtù wà kí inú náà lè rí ibi tútù sí. Bí kóòtù bá ń ṣe bí ẹni pé kò sí irú inú bẹ́ẹ̀, taya ni yóò dáhùn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, òṣìṣẹ́ ìjọba kan jẹ́wọ́ ní kóòtù ní Àbújá pé òun wà lára àwọn tó kó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà nínú owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá. Òfin tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́ kò gbà ju ọdún méjì lọ lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Adájọ́ gba àwọn ilé kan àti owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san ìtanràn tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 750,000 náírà. Ó san án, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Ariwo sọ. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn adájọ́ dá adájọ́ náà dúró fún ọdún kan. Ní ọdún 2018, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn yí i sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ní kó san 22.9 bílíọ̀nù náírà. Ẹ gbé abala 401 sílẹ̀, kí ẹ fi wọn ìtanràn àkọ́kọ́ yẹn. Ìdẹ́rùbà ńkọ́? Ẹ̀kọ́ fún aráàlú ńkọ́? Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọmọ abẹ́ afárá sì gbọ́ ọ: bí o bá máa jí, jí púpọ̀.

Ìyá aláta dà?

Ohun tí ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹni keje nínú àwọn méje ni wọ́n ń gbàgbé, èyí tí àwọn baba wa máa ń kọ́kọ́ bójú tó. Bí ẹjọ́ bá ti di ti ìjọba, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ di ẹlẹ́rìí lásán. Wọ́n á pè é, á pa ṣọ́ọ̀bù tì, wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú. Nígbà tí wọ́n bá tanràn olè, àpò ìjọba ni owó ń lọ. Òfin 2015 gba adájọ́ láyè ní abala 319 àti 321 láti ní kí ọ̀daràn san nǹkan fún ẹni tó ṣẹ̀. Ó kù kí a máa rántí béèrè.

A ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ní New Zealand, wọ́n gbìyànjú ká lè ti ibẹ̀ bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́ díẹ̀. Láti ọdún 1989, bí ọ̀dọ́ bá dẹ́ṣẹ̀, òfin pè é jókòó pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ àti ọlọ́pàá, kí wọ́n jọ sọ ohun tí yóò ṣe láti tún un ṣe. Inú àṣà àwọn Māori ni wọ́n ti mú un. Níbi tí wọ́n ti gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò dáadáa, ọkàn àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ máa ń balẹ̀ ju ti àwọn tó lọ kóòtù nìkan. Ọmọ Yorùbá tó bá jókòó ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ilé baálẹ̀ ni òun wà. Ṣùgbọ́n mo ní ìkìlọ̀ kan: kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ló ń lọ sílé baálẹ̀. Bí wọ́n bá fipá bá ọmọbìnrin lò pọ̀, tí àwọn àgbà ilé méjèèjì wá ní ká fi ọtí àti owó yanjú ẹ̀ nínú ilé, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀, wọn kò dá nǹkan kan padà fún ọmọ náà.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, ohun kan ṣoṣo ni n óò ní kí wọ́n fi kún òfin: kí adájọ́ kankan má ka ìyà láìkọ ọ́ sílẹ̀, ní gbólóhùn kan tí ìyá aláta lè gbọ́, èyí tó ń wá nínú ohun méje náà. Bí kò bá rí ọ̀kan tọ́ka sí, kó dín ìyà náà kù.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ orí yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tí adájọ́ ti dá lẹ́bi ni. Nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà lónìí, àwọn wọ̀nyẹn ló kéré jù. Nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá àwọn tó wà níbẹ̀ ni kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́ rárá. Àwọn mìíràn nínú wọn ti pẹ́ níbẹ̀ ju iye ọdún tí òfin ì bá fún wọn ká ní wọ́n jẹ̀bi, kò sì sí èyí tí ìjókòó wọn níbẹ̀ ń ṣe nínú àwọn ohun méje tó wà ní abala 401.